Àwọn Òkúta Tí Òkété Tà Kọjá Odò

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ṣé oúnjẹ ò tíì délẹ̀ nínú yín ni? Ẹ dáhùn kí n gbọ́! Àlọ́ o!

"Àlọ̀ọ̀ọ̀!"

Ẹ ṣé. Àlọ́ mi fò pìrì, ó gun orí àpáta, ó balẹ̀ sórí Òkété oníṣòwò.

Ní ìgbà kan rí, àpáta kan wà ní ìlú àwọn ẹranko. Agbọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Háà, ẹ̀yin ọmọ, àpáta yìí ń bani lẹ́rù! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ àti àdá. Ẹni tó bá fẹ́ ta òkúta náà yóò kúnlẹ̀, yóò dárúkọ ẹni tó máa lò ó. Àpáta á dún gbì, á sì bí òkúta sílẹ̀. Mo ní á bí i! Ṣùgbọ́n òkúta náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò bá dárúkọ.

Ní òdìkejì odò ni Ẹkùn ń gbé. Ó ti pa ọmọ Ẹtu méjì jẹ, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ni àwọn àgbà bá so màrìwò sọ́nà odò. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta òkúta fún Ẹkùn mọ́, kó má baà rí nǹkan tí yóò fi pọ́n èékánná rẹ̀. Nígbà tó yá, èékánná náà ò mú mọ́. Ọmọ Ẹtu tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pọnmi.

Òkété ló ń ta òkúta nílùú. Lọ́jọ́ kan, Ológbò, ọmọ àbúrò Ẹkùn, gbé agbọ̀n ẹkùrọ́ mẹ́ta wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta méjìlá ni mo fẹ́."

Ìyàwó Òkété fa ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn. "Baálé mi, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló wà nílé Ológbò. Kí ló fẹ́ fi méjìlá ṣe? Ẹ bi í léèrè."

"Èmi ò bi í ní nǹkan kan! Ẹni tó bá bèèrè ló máa gbọ́. Ṣé Ẹkùn lo rí níbí? Ológbò ni. Tí òkúta bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó parí."

Ojúkòkòrò burú! Ó kúnlẹ̀ níwájú Agbọ́rọ̀, ó ní, "Ológbò ló máa lò ó." Àpáta dún gbì. Ó bí méjìlá.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀sán gangan, ọmọ Ẹtu sáré dé láti odò, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mi, Ẹkùn ni! Èékánná rẹ̀ ti mú!"

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Gìrì, gìrì, gìrì. Ẹ gbà mí o! Òkúta méjìlá ló ń yí bọ̀ láti inú odò, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, kò sẹ́ni tó ń tì wọ́n. Omi ń kán lára wọn. Gbogbo ìlú dojú bolẹ̀. Àgbò tó ń jẹ koríko gbàgbé rẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n yí títí tí wọ́n fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé Òkété.

Ni Ẹkùn bá ké láti òdìkejì: "Òkété! Òkúta tí mo rán Ológbò rà lọ́wọ́ rẹ ti sá lọ! Dá ẹkùrọ́ mi padà!"

Òkété jáde síta. "Ẹ̀yin ará ìlú, Ológbò ni mo tà á fún!"

Ẹtu gbé ọmọ rẹ̀ síwájú Òkété. "Wo ẹ̀yìn ọmọ yìí, Òkété. Ṣé Ológbò ló ya á bẹ́ẹ̀?"

 Òkété sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Agbọ́rọ̀, ó dárúkọ gbogbo ẹni rere tó mọ̀. Àpáta ò dún. Kò tún dún fún un mọ́ títí ó fi kú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin tí ẹ máa tajà lọ́la, ẹ má wo ọwọ́ tó ń sanwó nìkan. Ẹ bèèrè ọwọ́ tí ọjà yín ń lọ. Ọmọ Ẹtu yè é o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò lè dá lọ sódò mọ́.