Ìwé Orí Gíláàsì Tó Ń Ta Òjélàdé Lójú

Mo ti rìn dé ibi tí bàtà kú sí lẹ́sẹ̀ mi, n kò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn àtikàwé sétí èrò tó Òjélàdé ará Òkè-Ọ̀gbun. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìgbà tí ikán jẹ ìwé ńlá ìjọ tán, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ onígíláàsì tí a ń kàwé lórí rẹ̀, ránṣẹ́ pé inú rẹ̀ ni kí ó ti máa kà á.

Wàhálà dé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣókùnkùn, ojú ìwé orí gíláàsì náà sì funfun báláú bí páànù tuntun nínú oòrùn. Bí Òjélàdé bá kà á díẹ̀, ojú a ta á bí ẹni tó ń lọ ata, omi a máa ṣàn. Àwọn ìyá ìjọ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e, àwọn náà bú sẹ́kún. Ẹkún, lọ́jọ́ tí ó ń ka ìtàn ìgbéyàwó pàápàá!

Àlùfáà pè é. "Bàbá, ìkórè ń bọ̀, àlejò yóò pọ̀. Bí omi bá tún bọ́ lójú yín lọ́jọ́ náà, ẹ ó fi ẹ̀kọ́ kíkà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Òjélàdé lára. Ó gbé nǹkan náà tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Fágbèmí, tó ń ka ìròyìn lórí fóònù lójoojúmọ́.

"Ta ní ń tẹjú mọ́ funfun?" Fágbèmí tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ojú ìwé dúdú kirikiri, lẹ́tà di àwọ̀ eérú, wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà. "Bí tèmi ṣe rí nìyẹn."

"Ó kéré o, Fágbèmí."

"Ojú rẹ ló ń ṣagídí! Ohun tó wo tèmi sàn ni yóò wo tìrẹ."

Ọjọ́ ìkórè pé. Èrò kò gba inú ilé, wọ́n kó ìsìn síta nínú oòrùn. Òjélàdé gbé gíláàsì dúdú náà súnmọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà. Kò rí lẹ́tà kan. Irùngbọ̀n ara rẹ̀ ló rí, bí ẹni wo dígí.

"Ẹ kà á, Bàbá," ni àlùfáà wí.

"Kí ni n ó kà? Arúgbó kan ló wà níbí, kò sì sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀rín ta. Ìyá Mojí, ìyàwó rẹ̀, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde láàárín àwọn akọrin, ó gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Mojí, báwo ni ojú yín ṣe fẹ́ ẹ?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí ó má tàn jù, kí lẹ́tà sì tóbi. Obìnrin náà sọ ojú ìwé di àwọ̀ ògì bàbà, ó sọ lẹ́tà di dúdú, ó ń fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó hóró ẹ̀wà.

"Ó tó wàyí!"

Òjélàdé kà á, ohùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó máa gba ẹ̀kọ́ kíkà lọ́wọ́ yín mọ́," ni àlùfáà wí.

Fágbèmí, tó wà láàárín èrò, ní òun fẹ́ wo oògùn náà. Bí ó ti yọjú sí i, ó fọwọ́ bojú. "Yéè! Lẹ́tà ràgàjì! Ẹ fẹ́ fọ́ mi lójú ni?"

"Ẹ má bínú o," ni Ìyá Mojí wí, "kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣe é fún."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ọ̀gbun fi ń pa á lówe, tí n kò sì bá wọn jiyàn, pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni.