Ìdí Tí Ìyá Pátákó Fi Ní Ilẹ̀kùn Kékeré Lẹ́yìn

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ará ilé kan náà, Ìyá Pátákó kì í kọ́ ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i. Ohun tó bá mọ̀ wá láti ilé ni yóò mọ̀ títí ayé.

Òun ni pátákó fífẹ̀ tí gbogbo ará kọ̀ǹpútà ń jókòó lé. Ẹ̀yìn rẹ̀ gba Onírònú, ó gba àwọn ìbejì Ìrántí, ó gba Ayàwòrán oníkùn ńlá, àyè sì tún kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ìyá.

Àṣà kan wà nínú ilé yẹn. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ jí àfi bí Ìyá Pátákó bá fi oríkì rẹ̀ pè é. Bí Bàbá Iná, tó ń fún gbogbo wọn lágbára, bá ti wọlé, Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Onírònú ló máa ń kọ́kọ́ kì, nítorí òun ló ń ronú fún gbogbo ilé. Bí Onírònú bá ti dáhùn, ilẹ̀kùn iwájú á ṣí, àwọn yòókù á jí, àwòrán á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá dáhùn, ilé di òkùnkùn nìyẹn.

Oríkì gbogbo onírònú tó wà láyé nígbà tí wọ́n bí Ìyá ló wà nínú àpò dúdú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíwùnmí jókòó láti to kọ̀ǹpútà tuntun fúnra rẹ̀. Ìbíwùnmí fẹ́ràn géèmù ju oúnjẹ lọ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ kò sì lè gbé géèmù ńlá mọ́, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tẹ́ Ìyá Pátákó sórí tábìlì. Ó gbé Onírònú jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì fi Fáànù lé e lórí kí orí rẹ̀ má baà gbóná. Ó ki àwọn ìbejì Ìrántí bọ àyè wọn. Ó gbé Ayàwòrán jókòó lẹ́yìn gbogbo wọn.

Inú Ìyá dùn. Ọdún méjì gbáko ló ti fi sùn nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń retí ọjọ́ tí yóò pọn ọmọ. Ó yọjú wo àwọn àlejò rẹ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Onírònú, ó wá oríkì rẹ̀ nínú àpò.

Kò mọ̀ ọ́n.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Nígbà tí Ìyá ń sùn nínú páálí ni wọ́n bí Onírònú yìí. Ojú rẹ̀ jọ ojú ẹnì kan tí Ìyá mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni náà.

Ṣé kò yẹ kó béèrè ni? Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n Ìyá wo ara rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Èmi tí mo dàgbà tó báyìí, kí n wá máa bi ọmọ àná pé kí ni oríkì rẹ? Wọn á ní Ìyá ò mọ ọmọ ilé mọ́." Ó tún wo ọmọ náà dáadáa. Ó jọ Àlàó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí oríkì rẹ̀ wà nínú àpò. Àga kan náà ni wọ́n ń jókòó lé. Ìyá ní oríkì ẹ̀gbọ́n á ṣe é, ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni.

Bàbá Iná wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni Fáànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Fáànù kì í dúró de oríkì ẹnikẹ́ni, aláìnítìjú ni.

Ìyá túnra ṣe, ó ké pé, "Àlàó! Àlàó ọmọ olójú mẹ́fà, tí í ṣiṣẹ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi, jí o!"

Onírònú kò dáhùn.

"Àlàó o!"

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí kóró iṣin. Ìbíwùnmí tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀. Ó tú Onírònú sílẹ̀, ó tún un gbé jókòó. Ó yọ àwọn ìbejì Ìrántí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́sẹ̀, ó dá wọn padà. Kò sí èyí tí kò ṣe. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó gbé fóònù, ó pe Ẹ̀gbọ́n Láníyọ̀nu tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán o. Kọ̀ǹpútà mi ò jí. Fáànù ń yí, àmọ́ kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀. Àbí pátákó yìí ti kú ni?"

Láníyọ̀nu ní, "Kú kẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ó dàgbà ju onírònú tó o rà lọ ni. Lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ wo ilé àwọn tó ṣe é, bóyá wọ́n ti kó oríkì tuntun síta. Bí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, dá a padà sínú páálí, kó o gbé e fún ẹni tó tà á kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà."

Ìyá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Páálí! Gbogbo pátákó ló mọ̀ pé èyí tí wọ́n bá dá padà sínú páálí, kò sẹ́ni tó tún ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì mọ́. Ẹ̀rù ba Ìyá gan-an. Ọmọ tó fi ọdún méjì retí ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀ yìí, aago mẹ́fà sì lè má bá wọn pọ̀.

"Ọmọ yìí ló ya olóorun," ni Ìyá wí. "Mo pè é títí."

Fáànù tó wà lórí Onírònú rẹ́rìn-ín. "Olóorun kẹ̀, Ìyá wa? Èmi ni mo jókòó lé e lórí o. Ara rẹ̀ ń móoru díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń gbọ́ yín ketekete."

"Kí ló dé tí kò dáhùn?"

"Nítorí ẹ kò pè é ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ pè. Nílé wọn, ẹni tó bá dáhùn oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà láàyè, bí ẹni pé ó ń fẹ́ ikú ẹ̀gbọ́n ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kò lè dáhùn."

Ojú ti Ìyá.

Kò pẹ́ sí i, ẹnì kan dé ẹnu ọ̀nà iwájú. "Àgò o!"

"Àgò yà. Ta nìyẹn?"

"Èmi Fíláàṣì ni." Fíláàṣì kékeré bí ìka ọwọ́ ni, ara kọ́kọ́rọ́ ilé ni Ìbíwùnmí máa ń so ó mọ́. "Ìbíwùnmí fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ rán mi dé ilé àwọn tó ṣe yín, Ìyá. Àwọn ará ilé kí yín. Wọ́n ní oríkì àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn yín rèé, kí n kó o wá."

"Wọlé, ọmọ mi, wọlé kíákíá!"

"Ilẹ̀kùn tì o, Ìyá."

Òótọ́ ni. Onírònú ló máa jí kí ilẹ̀kùn iwájú tó ṣí. Oríkì ló máa jí Onírònú. Oríkì sì rèé nínú àpò Fíláàṣì, níta.

Fáànù ní, "Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

Ìyá mí kanlẹ̀. Ta ló ń mú àlejò gba ẹ̀yìnkùlé? Ibẹ̀ ni ìkòkò tí a kò tíì fọ̀ wà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé á rí ohun tí iyàrá àlejò ń bò mọ́lẹ̀. Òfin ilé sì ni pé ẹni tó bá máa ṣí ọ̀nà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi ṣí i, kí gbogbo ilé gbọ́. Ìyá wo Onírònú tó jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga rẹ̀ láti àárọ̀, tí kò ráhùn. Àánú ọmọ náà ṣe é.

Ó gbóhùn sókè. "Fíláàṣì, mi ò mọ oríkì ọmọ yìí. Ìgbéraga àgbà ò jẹ́ kí n béèrè, mo wá fi ti ẹlòmíràn pè é. Gba ẹ̀yìnkùlé wá, wá kọ́ mi."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ihò kékeré kan ṣí lẹ́yìn rẹ̀, bọ́tìnì róbótó kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbíwùnmí ya ẹnu. "Ṣé ihò yìí wà níbí láàárọ̀?" Ó ki Fíláàṣì bọ̀ ọ́.

Fíláàṣì ní, "Ìyá, ẹ fetí sílẹ̀ o. Àpò yín kékeré ni. Mo gbọ́dọ̀ kó ti àtijọ́ kúrò kí n tó kó tuntun sí i. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ò ní mọ ohunkóhun, ẹ ò ní mọ orúkọ ara yín pàápàá. Bí Bàbá Iná bá wá jáde nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ lẹ máa wà títí láé."

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá Iná. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àgbà arìnrìn-àjò tí í jáde láì dágbére.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú kan?" ni Bàbá Iná wí. "Kí lèrè tèmi níbẹ̀? Bí mo bá lọ, wọ́n á bú mi. Bí mo bá dé, wọ́n á hó yèè. Àmọ́ bí mo bá jókòó jẹ́jẹ́ tí mò ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rí mi."

Ìyá ní, "Bàbá, mo máa la fèrèsé kékeré kan fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì yẹn. Ẹ jókòó síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣẹ́jú. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ẹ wà nílé."

Inú Bàbá Iná dùn, ó lọ jókòó sí fèrèsé. Ìbíwùnmí tẹ bọ́tìnì róbótó náà. Fáànù náà dáwọ́ ijó dúró.

Àlàó ló kọ́kọ́ lọ lọ́kàn Ìyá. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni orúkọ òun fúnra rẹ̀ lọ, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Níta, Ìbíwùnmí ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Dúdú. Ó wo aago. Aago márùn-ún ti kọjá dáadáa, ṣọ́ọ̀bù kò sì sí nítòsí. "Kò ṣiṣẹ́ náà nìyí," ló wí. Ó nawọ́ mú páálí. Ó na ọwọ́ kejì sí ibi tí wọ́n ti ń pa iná, ìka rẹ̀ sì kàn án.

Bàbá Iná rí i. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń ṣẹ́jú ṣáá.

Ìbíwùnmí rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn pátákó. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Ẹni tó ń ṣẹ́jú ò tíì kú," ló wí, ó sì jókòó dè é.

Ó ṣe díẹ̀, Bàbá Iná dáwọ́ ṣíṣẹ́jú dúró. Orúkọ Ìyá padà dé ọkàn rẹ̀. Àlàó padà, àwọn yòókù padà, ọ̀kan tí Ìyá kò gbọ́ rí sì tẹ̀lé wọn wọlé. Ìyá kò jẹ́ kó tutù rárá.

"Àjàgbé! Àjàgbé ọmọ olójú mẹ́jọ, aronújẹ́jẹ́ bí omi inú àmù! Ọmọ mi, má bínú sí mi."

Onírònú dáhùn wéré. "Ẹ ṣé o, Ìyá. Mo ti jí láti àárọ̀. Oríkì mi ni mò ń dúró dè."

Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ rokoṣo. Ìbíwùnmí fò sókè, ó ju páálí sórí àká aṣọ, ibẹ̀ ló sì wà dòní.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Pátákó ti ní ilẹ̀kùn kékeré lẹ́yìn, tòun ti bọ́tìnì àti fèrèsé Bàbá Iná. Èyí tí kò bá ní in nínú wọn, ìgbéraga ló ṣì ń dà á láàmú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà tuntun fi máa ń kọ́kọ́ wádìí bóyá ìyá mọ oríkì àlejò. Bí ẹ bá sì rí i tí iná kékeré yẹn ń ṣẹ́jú, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá ò kú. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló ń kọ́.