Ohun Tó Ń Fọ́ Ìkòkò Òkè-Amọ̀

Ìyá Tanímọlá ni olórí àwọn obìnrin amọ̀kòkò ní Òkè-Amọ̀, ìlú kékeré kan tó gúnwà sórí òkè bí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Kò sí ilé kan níbẹ̀ tí amọ̀ kò sí lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, gbogbo agbègbè ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi inú àmù wọn tutù ju omi inú ìkòkò ibòmíràn lọ, ìkòkò ọbẹ̀ wọn kì í sì í tètè sán lórí iná.

Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Amọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni láti òkè délẹ̀. Ó kún fún kòtò, ó sì lọ́ bí ìfun àgùntàn. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó jẹ́ ti Ìyá Tanímọlá ló ń kó ìkòkò gbogbo wọn lọ sísàlẹ̀. Lámìídì ló ń wà á, ọkùnrin tó ti wakọ̀ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ọ̀nà. Ìyá Tanímọlá kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ lẹ́yìn òun. Iwájú ló ń jókòó, lórí tìmùtìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí wọ́n bá wá dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n ṣí koríko tí wọ́n fi to ẹrù, àpáàdì ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni àwọn aláró ìlú Ìdí-Èlú. Ìkòkò ńláńlá ni wọ́n fi ń rẹ aró, Òkè-Amọ̀ nìkan ni wọ́n sì ti ń rà á. Ní ọjà kan, nígbà tí àpáàdì tún pọ̀ ju ìkòkò lọ, olórí wọn pe Ìyá Tanímọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, a mọ̀ pé ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n a ò lè máa rẹ aṣọ sínú àpáàdì. Èyí tí ẹ máa kó wá lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ó bá tún fọ́, dúrọ́ọ̀mù oníke la máa rà. Ẹ má bínú sí wa."

Ìyá Tanímọlá mọ̀ pé bí àwọn aláró bá ti lọ, àwọn oníbàárà yòókù á tẹ̀ lé wọn, iná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ní Òkè-Amọ̀ á sì kú pátápátá. Nígbà tó dé inú ọkọ̀, ó ní, "Lámìídì, ọkọ̀ yìí ló ń pa mí lọ́mọ. Gbé e lọ sọ́dọ̀ Tìwalọlá."

Lámìídì fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ara ọkọ̀ náà kò yá. Sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà mú, ẹsẹ̀ iwájú sì ń dún kọ̀ọ̀kọ̀ bí wọ́n bá bọ́ sí kòtò.

Obìnrin mẹkáníìkì ni Tìwalọlá, nísàlẹ̀ òkè náà. Abẹ́ ọkọ̀ ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́, kò kọ́ ọ níbòmíràn. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí: obìnrin wo ló ń nà gbalaja sábẹ́ mọ́tò? Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń to ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kì í fi ẹnu wo ọkọ̀. Bí kò bá tí ì fọwọ́ kàn án, kò ní sọ ohun tó ń ṣe é.

Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ náà sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Táyà náà ń mì bí eyín ọmọ tó fẹ́ pààrọ̀ eyín.

"Háà, Bàbá! Ọlọ́run ló ń bá yín wa ọkọ̀ yìí o. Ẹ wò ó, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yìí ló gbé ẹsẹ̀ dání, ó ti jẹ tán. Táì-rọ́ọ̀dù tó ń bá sítíárìn jíṣẹ́ fún táyà, òun náà ti di odi. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Tuntun la máa fi sí i, tọ̀tún tòsì."

"Òsì nìkan ló ń dún," ni Lámìídì wí.

"Bí ẹ bá lọ ra bàtà, Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ kan lẹ máa ń rà?"

Ìyá Tanímọlá rẹ́rìn-ín. Lámìídì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ìsọ̀ Bọ̀dé tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Wọ́n mú jọ́ìntì àti táì-rọ́ọ̀dù láìsí ariwo. Ìgbà tó kan ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó ń gba ọkọ̀ dúró bí ó bá ń fò, ni wàhálà dé. Bọ̀dé gbé oríṣi méjì sílẹ̀.

"Èyí rọ̀," ó ní. "Ọkọ̀ tí ẹ bá fi í sí, bí ẹní wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Èyí kejì, ti àwọn tó ń kó pákó ni. Ó le bí ojú ìyáálé tí wọ́n gbé ìyàwó lé lórí!"

Ìyá Tanímọlá fi ọwọ́ tẹ àkọ́kọ́, ó lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó tẹ ìkejì, kò mira. Lámìídì fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, agbára káká ló fi tẹ̀ díẹ̀.

"Ìkòkò ni mò ń kó, Bọ̀dé, n kò kó pákó. Èyí tó rọ̀ ni kó o fún mi. Ta ló ń gbé ẹyin sórí òkúta?"

"Òótọ́ nìyẹn," ni Lámìídì wí. Bọ̀dé náà mi orí. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání létí gbogbo ẹni tó wà ní ìsọ̀.

Tìwalọlá nìkan ni kò tí ì gbé e mì. Ó ní, "Ó wọ̀ mí létí, Ìyá. Ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ibi tí ìkòkò náà ti ń fọ́. Bí a bá ti fi jọ́ìntì síbẹ̀ tán, tí ọkọ̀ ti ṣe é gùn láìséwu, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bá wọn lọ ná."

"Bá ta lọ?"

"Ìkòkò, mà."

Ni Bọ̀dé bá bú sẹ́rìn-ín. "Mẹkáníìkì di ẹrù! Lámìídì, rọra o. Bí ẹ bá délẹ̀, ẹ má lọ kà á mọ́ àpáàdì!"

Tìwalọlá kò bínú. Ó fi jọ́ìntì àti táì-rọ́ọ̀dù síbẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì bá wọn gun òkè lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ìkòkò ọbẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ sọ́jà, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó sáàárín koríko, ó sì gbé ìkòkò kan sí itan. Àwọn amọ̀kòkò yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó ìkòkò, ó dàbọ̀ o!"

"Wàá bí ìṣasùn fún wa o!"

Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n bọ́ sí kòtò kìíní, ọkọ̀ fò, Tìwalọlá fò, àwọn ìkòkò náà fò, gbogbo wọn sì tún balẹ̀ sínú koríko. Kò sí èyí tó fọ́. Wọ́n bọ́ sí òmíràn tó jìn ju ti ìṣáájú lọ, bákan náà ló rí. Tìwalọlá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìkòkò bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń wúkọ́. Kí ló wá ń fọ́ wọn?

Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà kan, ewúrẹ́ kan sá sọ́nà. Lámìídì tẹ bíréèkì. Imú ọkọ̀ bá rì wálẹ̀ gbì, gbogbo ìkòkò ẹ̀yìn sì sáré wá síwájú bí ẹni tí a lé. Pàá! Èyí tó wà lórí itan Tìwalọlá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò tíì mí tán tí ewúrẹ́ fi kọjá, tí Lámìídì fi ẹsẹ̀ sílẹ̀; imú ọkọ̀ gbéra sókè, àwọn ìkòkò sì tún yí padà sẹ́yìn. Pàá! Pàá!

"Ẹ dúró! Ẹ dúró!"

Lámìídì bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. "Ṣé o rí i? Kòtò ọ̀nà yìí ni!"

"Kòtò kọ́, Bàbá. A ti fo kòtò, wọn ò fọ́. Ọkọ̀ yín yìí ló ní ẹ̀kọ́ ilé jù. Bó bá rí ewúrẹ́, á dọ̀bálẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, á dìde. Bó bá dọ̀bálẹ̀, ìkòkò á ya síwájú. Bó bá dìde, wọ́n á ya sẹ́yìn. Ara wọn ni wọ́n ń gbá fọ́. Èyí tí ẹ fẹ́ rà yẹn tún rọ̀. Ńṣe ló máa jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja."

"Mo ti ń wa ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí o kò tí ì mọ sípánà," ni Lámìídì wí. "N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí níwájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Iwájú lẹ wà."

Ẹlòmíràn tó bá jẹ́ àgbà bí i Ìyá Tanímọlá ì bá ti sọ pé kí ọmọdé pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìyá Tanímọlá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì fún un mọ́ ìdí dáadáa.

"Lámìídì, gbé mi sókè."

"Síbo, Ìyá? Ẹ̀yìn ọkọ̀ kẹ̀?"

"Ta ló mọ ìkòkò tó wà níbẹ̀? Gbé mi sókè, jàre!"

Wọ́n tì í gòkè. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Tìwalọlá, ó na ẹsẹ̀. Ní kọ́nà tó tẹ̀ lé e, Lámìídì tẹ bíréèkì, àwọn ìkòkò sì ya lù ú lórúnkún bí ọmọ àgùntàn tí ẹ̀rù bà. Ìyá na apá méjèèjì, ó ń gbá èyí tó lè gbá mọ́ra. Àwọn yòókù ń fọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó gbọn àpáàdì kúrò lára ìró rẹ̀.

"Láti ọjọ́ yìí wá," ó ní, "iwájú ni mo jókòó, tí mò ń fi ìbàdí ara mi wọn ìrora ìkòkò. Tìwalọlá, lọ gba èyí tó le."

Tìwalọlá fi ṣọ́ọ̀kì tó le sí i, tọ̀tún tòsì. Ó sì kìlọ̀ fún àwọn amọ̀kòkò pé ọkọ̀ á máa ta wọ́n sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà kí wọ́n fi kún koríko. Ó ní koríko ni yóò máa gba kòtò, ṣọ́ọ̀kì ni yóò máa gba ìdọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́ Ìdí-Èlú wá kò. Ìkòkò aró ńláńlá ni wọ́n kó, èyí tí gbogbo obìnrin Òkè-Amọ̀ jọ pawọ́ pọ̀ mọ. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, wọ́n dúró sétí òkè, wọ́n ń wò ó títí ó fi di eruku. Ìyá Tanímọlá padà síwájú, ṣùgbọ́n tìmùtìmù kò gbà á mọ́. Gbogbo kòtò ló ń kí i ní ìbàdí. Ní kọ́nà kan, màlúù méjì dúró sójú ọ̀nà, Lámìídì sì tẹ bíréèkì tagbáratagbára. Ọkọ̀ dúró ṣinṣin, kò tẹrí ba fún màlúù. Lámìídì yí orí padà wo ẹ̀yìn, ó tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ pàá. Ó rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ọmọ yẹn mà gbọ́n o!"

Ní Ìdí-Èlú, àwọn aláró ṣí koríko. Olórí wọn fúnra rẹ̀ ló ń fi ìka kan ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó bá ti sán nínú kì í dún gbin. Ó kan ti àkọ́kọ́, ó dún gbin. Ó kan ìkejì, gbin. Ó ń kàn wọ́n lọ, ọjà sì ń dákẹ́ sí i, títí ó fi kan èyí tó gbẹ̀yìn: gbin!

Ó yíjú sí Ìyá Tanímọlá láti kí i, ó sì bá a tó tẹ̀ síwájú, tó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú.

"Ìyá, kí ló ṣe yín?"

"Ìbàdí mi ló fọ́," ni Ìyá Tanímọlá wí. "Ìkòkò yín kò fọ́."

Ẹ̀rín sọ láàárín ọjà. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ dúrọ́ọ̀mù oníke níbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá jókòó síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó ń sọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn, àwọn àgbà Òkè-Amọ̀ á wò ó, wọ́n á sì pa á lówe fún un pé: ẹni tí kò bá ìkòkò jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, kò lè mọ ohun tó ń fọ́ ìkòkò.