Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Wọ́n So Mọ́ Ìbídùn Nídìí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ohùn yín ò dé ibi tí mo jókòó sí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, mo gbọ́ wàyí. Ààlọ́ mi tòní ò dá lórí ọba, kò sì dá lórí ìjàpá. Ó ti rẹ ìjàpá, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó dá lórí ìyá kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti ọ̀pọ̀lọ́ kan tó gbọ́n ju gbogbo àgbà agboolé kan lọ.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ṣì ń fọhùn, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọ̀pẹ. Obìnrin kan ń gbé níbẹ̀, Ẹfúnyẹmí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ìbídùn ni wọ́n sọ ọmọ náà, Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ọmọ náà dára. Ó mọ ilé í gbá, ó mọ omi í pọn, ó mọ àgbà í kí. Àmọ́ ó ń tọ̀ sórí ẹní.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ tí ẹ̀rín ń pa jù yìí, n kò ní dárúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹní tí mo rí nínú oòrùn láàárọ̀ yìí.

Ilẹ̀ mọ́, ẹní tutù. Ilẹ̀ tún mọ́, ẹní tutù. Ilẹ̀ tún mọ́, ẹní tutù, aṣọ ìbora náà tutù. Bí Ẹfúnyẹmí bá ti fọwọ́ kan ẹní báyìí, ariwo dé. "Atọ̀ọ́lé, dìde ńbẹ̀." Bó ṣe ń jí ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, oríkì ni wọ́n fi ń jí ọmọ ní Òkè-Ọ̀pẹ. Láti ìgbà tí ìtọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ "Àwẹ̀ró" lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti àṣà ìlú wọn. Bí ọdún iṣu tuntun bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ọmọbìnrin tó bá ti tó rán lọ sọ́jà ni yóò lọ sùn ní ààfin Yèyé Ọba. Ẹní ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sùn lé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Yèyé Ọba á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí wọn lọ́rùn, á sì fún ẹgbẹ́ wọn lórúkọ. Orúkọ yẹn ni wọn ó máa jẹ́ títí wọn ó fi darúgbó. Ọmọ tí kò bá lọ, kò lẹ́gbẹ́. Ọmọ tó bá lọ tó sì tọ̀ sórí ẹní, òun ni yóò rù ú yí ìlú ká. Wọn á so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, àwọn ọmọdé á máa kọrin tẹ̀lé e. Ìyá arúgbó kan wà ní ìlú náà tó ti rí ọmọ-ọmọ, Atọ̀ọ́lé ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ọdún iṣu tuntun sì ku oṣù kan. Ẹ̀rù ń ba Ẹfúnyẹmí. Ó lọ bá ìyálé rẹ̀, Ìyá Fádérera.

Ìyálé ní, "Ìyàwó, ọwọ́ rẹ ló dẹ̀. Nà án." Ẹfúnyẹmí nà án. Ẹní tutù.

Ìyálé ní, "Febi pa á." Ẹfúnyẹmí febi pa á. Ẹní tutù.

Ìyálé ní, "Ó ku ẹyọ kan. Kí á so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nínú ilé níbí. Bójú bá tì í, á jáwọ́." Ìyálé fúnra rẹ̀ ló lọ mú ọ̀pọ̀lọ́ wá létí odò. Ó fi òwú so ó mọ́ Ìbídùn nídìí. Àwọn ọmọ agboolé pagbo yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Fádérera, ọmọ ìyálé, ló ń lé orin yẹ̀yẹ́ fún wọn. Ìbídùn ò sunkún. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó dùn ún wọra. Ó fà á lọ́wọ́ wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú náà.

Ọ̀pọ̀lọ́ bá fọhùn. "Ìyá Ìbídùn, ẹ rọra. Ẹsẹ̀ mi lẹ dì mú yẹn."

Ẹfúnyẹmí fò sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi so mí?"

"Ọmọ mi ló ń tọ̀ sórí ẹní."

"Ṣé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Rárá o. Ojú oorun ló wà."

"Ẹni tó ń sùn lẹ wá ń nà?"

Ẹfúnyẹmí tú òwú náà tán, ó jókòó sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Inú omi ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ìwà omi. Omi kì í gbọ́ èébú. Omi kì í bẹ̀rù pàṣán. Ibi tí ọ̀nà bá là ni omi ń gbà." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ìbídùn, ìgbà wo lo máa ń mu omi?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni. Igbá kan kún."

"Ọ̀sán ńkọ́?"

"Eré ni mò ń ṣe lọ́sàn-án."

Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbídùn, ẹ gbọ́? Ẹ jẹ́ kó mu ún lọ́sàn-án, kó mu ún nírọ̀lẹ́. Bó bá dalẹ́, ìwọ̀nba ni. Kó tó sùn, ẹ mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Bí àkùkọ bá kọ, ẹ tún mú un lọ."

"Bí ẹní bá ṣì tutù ńkọ́?"

"Ẹ má wí nǹkan kan. Ẹ jọ fọ̀ ọ́, ẹ jọ sá a. Oòrùn loògùn ẹní tó tutù. Àmọ́ o, ẹ má fi Atọ̀ọ́lé jí i mọ́. Bẹ́ní gbẹ, oríkì. Bẹ́ní tutù, oríkì. Orúkọ tí ẹ bá fi jí ọmọ ló máa ń jẹ́ dalẹ́."

Bó ti sọ̀rọ̀ tán, ó fò jáde, ó gba ọ̀nà odò lọ.

Bí àkùkọ ṣe kọ lọ́jọ́ kejì, Ẹfúnyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lórí. Ó kọrin sí i létí. Ẹ bá mi gbè é, kí ẹ gbè é dáadáa.

*Àwẹ̀ró ọmọ mi, dìde ńlẹ̀,*
*— Oòrùn ń bọ̀.*
*Ẹ̀yìnkùlé ń pè ọ́, má pẹ́ o,*
*— Oòrùn ń bọ̀.*
*Ẹní tó tutù á padà gbẹ,*
*— Oòrùn ń bọ̀.*
*Ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,*
*— Oòrùn ń bọ̀.*

Ìyálé gbọ́ orin náà lójú fèrèsé. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ tó ń tọ̀ lò ń kì? Àbí ìtọ̀ náà lò ń yìn?"

Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀. "Ọmọ mi ni mò ń yìn, ẹ̀yin ìyálé mi." Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ ni, àmọ́ ó sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹní ṣì ń tutù. Wọ́n jọ fọ̀ ọ́, wọ́n jọ sá a. Nígbà tó yá, bó tutù lónìí, á gbẹ lọ́la. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, Ìbídùn ti ń jí kí ìyá rẹ̀ tó lanu kọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí sókè bó bá ń rìn láàárín agboolé.

Ọjọ́ ààfin pé. Ìbídùn di aṣọ ìyá rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá mi, bí mo bá tọ̀ ńkọ́?"

"Bí o bá tọ̀, èmi àti ìwọ la jọ máa ru ẹní náà. Wà á gbé iwájú, mà á gbé ẹ̀yìn. A ó jọ yí ìlú ká ni."

Ọmọ náà jọ̀wọ́ aṣọ, ó wọlé lọ.

Àkùkọ kọ. Kò sí ìyá nítòsí. Síbẹ̀ Ìbídùn lajú, nítorí orin náà ti mọ́ ọn létí. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó padà wá jókòó ti ẹní.

Ilẹ̀ mọ́ kedere. Gbogbo ìyá ti pé sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ìyálé ti gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan sínú igbá, ó ti múra sílẹ̀ de Ìbídùn. Yèyé Ọba bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹní wò láti ìkángun dé ìkángun. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ibí yìí tutù. Ta ni?"

Gbogbo ojú yí sí Ìbídùn. Ìyálé ní, "Mo ti wí." Ìbídùn dìde dúró. Aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ibi tó sùn sí gbẹ. Ọmọ tó jókòó lórí ibi tó tutù ni ò lè dìde. Fádérera ni.

Ìyálé yára fi aṣọ bo igbá ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ń wo Ìbídùn, wọ́n ń dúró kó lé orin yẹ̀yẹ́, torí òun ni wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ìbídùn lé orin lóòótọ́. Ó na ọwọ́ sí Fádérera, ó fi oríkì pè é.

*Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi, dìde ńlẹ̀,*
*— Oòrùn ń bọ̀.*
*Ẹní tó tutù á padà gbẹ,*
*— Oòrùn ń bọ̀.*

Ó ní, "Gbé iwájú, mà á gbé ẹ̀yìn." Fádérera fi apá nu ojú, ó dìde. Ẹní náà tóbi jù fún ọmọ méjì. Ọmọ kan bá wọn gbé e. Òmíràn tún bá wọn gbé e. Kò pẹ́, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ ẹní, tí wọ́n ń gbe orin, wọ́n sì gbé e lọ sínú oòrùn. Ta ni ẹ fẹ́ so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ nídìí nínú wọn?

Yèyé Ọba ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Ìbídùn ní, "Ìyá mi ni."

Orí Ẹfúnyẹmí wú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ẹni tó bi í léèrè àti ẹni tí kò bi í, ó ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Èmi ni mo bí i."

Yèyé Ọba fi ìlẹ̀kẹ̀ sí gbogbo wọn lọ́rùn, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ó sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Oòrùn-ń-bọ̀.

Ìyálé lọ tú ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀ létí odò. Nígbà tó padà dé, ó lọ bá Ẹfúnyẹmí ní yàrá rẹ̀.

"Ìyàwó, orin yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀, ó sì kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ṣe bí ẹni tó ń sùn lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ọmọ tó ń kọsẹ̀, ọ̀nà ni kí ẹ là fún un, ẹ má ṣe fi àléébù rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá ṣe ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún ẹlòmíràn níbi tí ẹ ò sí.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ẹní mi má gbẹ lọ́la. Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde. Ẹ̀yìnkùlé la ń gbà lọ sùn.