Láòye Tó Ń Pe Ara Rẹ̀ Ní Àwòdì Òkè

Ọdẹ́wùmí ti ṣe ọdẹ rí ní abà Ìdí-Àràbà kí igi tó wó lù ú lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, orí ẹní kan lábẹ́ igi ọsàn ni ibùjókòó rẹ̀, níbi tó ti ń hun apẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láòye tó ń dá ẹmu kì í gun ọ̀pẹ kó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti òkè.

"Ará ilẹ̀, ẹ kú ìjókòó o! Kí lẹ rí níbẹ̀ lónìí, èèrà àbí ìjàlọ? Èmi àwòdì òkè rí gbogbo ẹ̀yìnkùlé abà yìí."

Ọdẹ́wùmí á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ ojú ọdẹ kì í rọ bí ẹsẹ̀ ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti rí Láòye tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé Ìyá Fádèyí, aládùúgbò rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé, tó sì gba inú àkùrọ̀ lọ dípò ojú ọ̀nà. Ó rí i, ó dákẹ́, ó ní arọ kì í wá ẹjọ́. Ìdákẹ́ yẹn kò dára. Ẹni tó rí olè tó dákẹ́ ti bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Nínú oṣù Agẹmọ, adìẹ kẹta sọnù lọ́wọ́ Ṣíjúadé, ìyàwó Fádèyí, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó máa ṣọ́ wọn. Ìyá Fádèyí fárígá.

"Ìyàwó, o tún sùn! Lọ di ẹrù rẹ. Ilé bàbá rẹ ni wàá ti máa sùn báyìí."

"Mi ò sùn, Ìyá. Mo kàn sáré pọnmi ni. Ẹyẹ kankan ò sì sí lójú ọ̀run."

Láòye ń kọjá, àpò rẹ̀ wà léjìká. Ó dá sí i.

"Àwòdì ni, Ìyá! Mo wà lórí ọ̀pẹ, mo fojú mi rí i. Ó rábàbà lẹ́ẹ̀mẹta, ìrù rẹ̀ là sí méjì, ló bá já lu àgbébọ̀ yẹn. Ìyàwó yín ń hanrun ní tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

Ṣíjúadé bú sẹ́kún, ó wọlé lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọdẹ́wùmí gbé apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Láòye, ẹyẹ wo lo pè é?"

"Àwòdì, Bàbá Ọdẹ."

"Tó ń rábàbà? Tí ìrù rẹ̀ là?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!"

"Àwòdì kì í gbé ibí lásìkò òjò. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀nà ọ̀dàn lọ, ó di ìgbà ọyẹ́ kí wọ́n tó padà. Àṣá ló kù sí abà yìí, àṣá kì í sì í rábàbà. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé ló ń gbà yọ bí òkò kànnàkànnà. Kí o tó ké háà, ó ti lọ. Òròmọdìẹ ló sì ń gbé. Àṣá wo ló lè gbé àgbébọ̀? Tú àpò rẹ."

Láòye rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀ yìí, kí lẹ mọ̀?"

"Ilẹ̀ tí mo jókòó sí yìí náà ni mo ti rí ọ lẹ́ẹ̀mejì tó o sọ̀ kalẹ̀. Tòní ló ṣìkẹta."

Ìyá Fádèyí já àpò náà gbà. Òkú àgbébọ̀ kan wà nínú rẹ̀, àkísà pupa tí ìyá náà fi ń sàmì sẹ́sẹ̀ àwọn adìẹ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Fádèyí wọlé, ó gba ẹrù lórí Ṣíjúadé.

"Ìyàwó mi, má bínú. Ojú tèmi ló sùn."

Wọ́n gba igbà lọ́wọ́ Láòye, kò sì gun ọ̀pẹ mọ́ ní Ìdí-Àràbà. Látinú ọ̀ràn rẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa fún ẹni tó bá ń hùwà ibi, tó rò pé òun nìkan ló lójú: Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.