Omi Òrùlé Ọmọ Ìbídùn

Ní ìlú Òkè-Ìṣàn, tó jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọṣẹ dúdú ló ń sè, ọṣẹ rẹ̀ sì lórúkọ dé àwọn ìlú tó yí wọn ká. Bí omi eérú bá sẹ́ tán nínú ìkòkò, Àwẹ̀ró á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á ní, "Ó ku díẹ̀," tàbí kó ní, "Ó tó, ẹ gbé àdín wá." Ahọ́n yẹn kì í tàn án. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ló máa ń kan ju omi eérú lọ.

Àdúgbò Òkè Àgbọn ló ń gbé, lókè pátápátá. Ìsàlẹ̀ Omi ló wà nísàlẹ̀ wọn, níbi tí adágún kan wà tí gbogbo ará ibẹ̀ ń pọn mu. Bí òjò bá ti rọ̀, àgbàrá á kó gbogbo ẹ̀gbin orí òkè, ó di inú adágún. Nígbà tí ẹkún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Omi pọ̀, ọba pe àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò jọ sí ààfin. Ó ní ẹgbẹ́ tó bá gbà láti tún ojú àgbàrá rẹ̀ ṣe yóò gba ìrànwọ́: ọkọ́ àti àgbọ̀n, àti màlúù pẹ̀lú iṣu tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò jẹ. Ohun tí òun fẹ́ ni kí wọ́n gbẹ́ kòtò gbàràmù tí àgbàrá yóò ti sinmi kó tó sọ̀kalẹ̀, kó fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì gbin eèsún yí i ká. Àwẹ̀ró ni olórí ẹgbẹ́ Òkè Àgbọn. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó sì súre fún ọba títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n jẹ màlúù náà o. Kòtò ni wọn kò gbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ màlúù ọba ni Àwẹ̀ró fi kọ́ ilé tuntun tí yóò ti máa se ọṣẹ, agbára tó sì ṣẹ́ kù lára wọn ló ní kí wọ́n fi la ojú àgbàrá kan ṣoṣo, tó gún tààrà láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dé etí adágún. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè kòtò, ó ní, "Ohun tó bá ti kúrò lójú mi, ó ti kúrò lọ́rọ̀ mi."

Baba Odùlàmí, àgbà Ìsàlẹ̀ Omi, gun òkè wá bá a. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fẹ́ Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, nítorí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá wa, ẹ dákun, kòtò tí ọba ní ká gbẹ́ ńkọ́? Omi wa ń bàjẹ́."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Àna mi, ṣé èmi ni mò ń rọ òjò ni?"

Bàbá kí i pé ó dìgbà, ó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni Ìbídùn, tó ti ń wojú Olódùmarè láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, bí obìnrin. Ìdùnnú fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Àwẹ̀ró di ọmọdé. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n kó ọmọ jáde, ojú ọ̀run ṣú fún òjò àkọ́rọ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó rí eérú tó ti ń kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó ga tó orí ènìyàn. Àwọn àlejò á sìn ín délé lọ́la, ojú á tì í bí wọ́n bá bá a bẹ́ẹ̀. Ló bá gbé ọkọ́, ó wọ́ gbogbo rẹ̀ sójú àgbàrá. Òjò dé, ó gbá ilẹ̀ náà mọ́ fún un. Orin ló ń kọ nígbà tó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àna bu ọlá fún un. Wọ́n ní òun ni kó gbé ọmọ sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Àṣà ni pé kí wọ́n da omi sórí òrùlé, kó máa kán sára ọmọ. Bí òtútù bá mú un tó ké, a jẹ́ pé ó ti mọ̀ pé òun dé ayé. Àjọkẹ́, ìyàwó ilé tó kéré jù, ló pọn omi náà láti adágún.

"Omi yìí ń yọ̀ mí lọ́wọ́," ó ní.

"Omi òjò àkọ́rọ̀ ni," ìyá àgbà kan dá a lóhùn. "Dà á sókè jàre!"

Ó dà á. Omi kán, ọmọ figbe ta, gbogbo agbo ilé hó yèè. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Omi náà kán sí i lẹ́nu.

Ẹ̀rín náà kú. Omi eérú ni! Kò tilẹ̀ ku ohun púpọ̀ kó tó èyí tó fi ń se ọṣẹ.

Ọmọ kò dákẹ́. Igbe náà yí padà, ó di èyí tí kò sí abiyamọ tó lè gbọ́ ọ kó dúró. Ìbídùn sáré wá.

"Ìyá mi, kí ló ṣe ojú ọmọ mi? Ìyá mi, ẹ wò ó!"

Ojú ọmọ ti wú, ó pọ́n bí ẹyìn. Hòò ni àwọn èèyàn bo Àjọkẹ́.

"Kí lo bù sómi? Ìwọ tí o kò tíì bímọ!"

"Adágún ni mo ti pọn ọ́n! Mo bẹ̀ yín, adágún ni!" Wọ́n ti ń fa aṣọ ya mọ́ ọn lára.

Àwẹ̀ró wò wọ́n. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó lè mọ ohun tó wà nínú omi náà. Bó bá dákẹ́, Àjọkẹ́ ni yóò rù ú. Ó fẹ́ dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó fẹ́ dákẹ́. Àfi bó ṣe rí ìyá àgbà náà tó ń bọ̀ kánkán, tó di àwo àdín mú, tó fẹ́ fi pa ojú ọmọ.

"Ẹ má fi kàn án!" Igbe Àwẹ̀ró ju ti ọmọ lọ. "Eérú ló wà lójú rẹ̀! Eérú àti àdín, ọṣẹ ni! Ẹ fẹ́ se ọṣẹ sójú ọmọ mi ni? Ẹ gbé omi àmù wá, èyí tó ti wà nílé kí òjò tó rọ̀!"

Wọ́n gbé e wá. Ó ń bù ú, ó ń dà á sójú ọmọ náà títí àmù fi gbẹ.

"Eérú?" Baba Odùlàmí béèrè. "Eérú ta ni, Ìyá wa?"

"Eérú mi ni."

Àwẹ̀ró gbé ọmọ lé Ìbídùn lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Àjọkẹ́, sínú ẹrẹ̀ abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Níbo ni wọ́n ti rí i, kí ìyá ìyàwó kúnlẹ̀ fún ọmọdé ilé àna? Ìbídùn wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ dìde, Ìyá wa," ni Baba Odùlàmí sọ. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọjọ́ tí mo wá bẹ̀ yín, omi ìlú ni mo rò pé mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mi ò mọ̀ pé ojú ọmọ-ọmọ yín ni."

Ojú ọ̀tún ọmọ náà là kí oòrùn tó wọ̀. Tòsì pẹ́ kó tó là, nígbà tó sì là, funfun kan wà nínú rẹ̀ tí kò kúrò mọ́. Àwẹ̀ró gbẹ́ kòtò náà fúnra rẹ̀, kò gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọba. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó gbé ọmọ náà pọ̀n kọjá láàárín ìlú tí àwọn èèyàn kì í wo ojú yẹn, kí wọ́n tó wo òun náà. Ojú náà ni àwọn àgbà Òkè-Ìṣàn wò tí wọ́n fi sọ ọ́ dòwe, tí gbogbo wa sì gbà á lẹ́nu wọn, pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.