Wáyà Dúdú Tí Ọkùnrin Kan Gé Dànù

Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ń sin adìẹ. Ó kan àpótí kan fún un tí yóò máa ṣe iṣẹ́ adìẹ tó sàba: wọn á to ẹyin sínú rẹ̀, gílóòbù á máa mú un gbóná, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún ọmọ á jáde. Kọ̀ǹpútà kéékèèké méjì tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń ṣọ́ àpótí náà. Àkọ́kọ́ ló ń mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Bí òtútù bá fẹ́ mú ẹyin, á ránṣẹ́ gba inú wáyà pupa kan lọ bá èkejì pé kó tan gílóòbù; bí iná inú wáyà náà ṣe ga tó ni èkejì fi ń mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Níbẹ̀rẹ̀, bátìrì kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ń lò. Gbogbo ìgbà tí gílóòbù bá tàn, agbára àkọ́kọ́ á dín kù, á sì kú. Ọkùnrin náà ní kí àlàáfíà lè wà, kí kálukú ní bátìrì tirẹ̀. Ó pín wọn, ó sì gé wáyà dúdú tó so wọ́n pọ̀ dànù. Wáyà pupa nìkan ló kù láàárín wọn.

Láti ọjọ́ náà ni gílóòbù ti ń ṣe ségesège. Ó ń tàn nígbà tí ooru pọ̀, ó ń kú nígbà tí òtútù mú. Igba ẹyin ló bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ sunkún, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kó òmíràn jọ. Ṣùgbọ́n ẹyin tí a kó jọ kò lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó di èyí tí kò lè di ọmọ mọ́.

Ọkùnrin náà fàáké kọ́rí pé òun kò ní jáwọ́. Ó pààrọ̀ wáyà pupa, ó tún un pààrọ̀, ó ra èyí tó nípọn. Ó ní kọ̀ǹpútà kejì yadi, ó ra òmíràn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní ọjọ́ keje tí ìyàwó rẹ̀ ti ń kó ẹyin jọ, obìnrin kan tó ń tún rédíò ṣe wá gba irinṣẹ́ rẹ̀ tó fi yá ọkùnrin náà padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àpótí náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka gíga iná rẹ̀?"

"Lára wáyà dúdú bátìrì tirẹ̀."

"Èkejì ńkọ́?"

"Lára tirẹ̀ náà."

"Ta ló sọ fún yín pé ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ bá dúró lórí àga, tí ẹ ní kí n kan ìṣó síbi tó ga dé èjìká, èjìká ta ni kí n wò, tiyín àbí tèmi?"

"Tí mo bá so wọ́n pọ̀, wàhálà àtijọ́ á tún padà."

"Kálukú á ṣì máa lo bátìrì rẹ̀, sà. Wọn á kàn jọ máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà ni."

Kò fẹ́ gbà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹyin dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ìdùnnú, òní ló pé ọjọ́ méje o."

Ọkùnrin náà mú wáyà dúdú kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fi so wáyà dúdú bátìrì méjèèjì pọ̀. Gílóòbù fara balẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún, igbe òròmọdìẹ gba ilé kan.

Oyèníran, ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyí. Nígbà tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ pínyà, ẹ ní kí àlàáfíà lè wà ni. Láti ìgbà náà, oníṣẹ́ lò ń rán. O rán àlùfáà, o rán ọkọ àbúrò rẹ, o rán olórí ẹbí, o sì ní gbogbo wọn ló ń yí ọ̀rọ̀ rẹ padà. Wọn kò yí i padà. Ọjọ́ ìsìnkú bàbá yín ni ìwọ ti ń bẹ̀rẹ̀ àròyé tìrẹ. Ọjọ́ tí o kúrò nílé láìdágbére ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí o bá ní kí màmá wá gbé lọ́dọ̀ ẹni tó ní àyè, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbọ́ ni pé o tún fẹ́ sá lọ. Màmá ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó jókòó tì í, kò sì ní ọdún púpọ̀ tí yóò fi dúró dè yín.

Má rán ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ fúnra rẹ lónìí, kí ẹ jókòó, kí ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kálukú yín á ṣì padà sílé tirẹ̀. Bàtà rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ̀ ọ́.